Duke Ellington: ta ló ni orin, ọ̀gá tàbí ọmọ báńdì?

Ìbéèrè tó dá a sílẹ̀:

"Ẹ̀yin àgbà ibí yìí, ẹ má bínú o. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ jazz bá ti délẹ̀, ẹ ó ṣáà máa pariwo Duke Ellington, Duke Ellington. Lálẹ́ àná mo wá orin rẹ̀ mẹ́ta gbọ́ lórí fóònù mi. Ariwo bí ẹni ń din àkàrà ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí fèrè tó wọlé. Mo tún kà níbì kan pé àwọn ọmọ báńdì rẹ̀ ló ń mú ohùn orin wá, òun á kàn fi orúkọ ara rẹ̀ lé e. Ṣé ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ń pè ní àgbà olórin? Ẹ là mí lóye, ẹ má bú mi."

* * *

Kò sẹ́ni tó máa bú ọ, àbúrò. Ìbéèrè méjì lo dì sínú ewé kan nípa Ellington, ọ̀gá báńdì jazz ará Amẹ́ríkà tó ń ta píánò, jẹ́ n tú u.

Ti àkàrà dídín yẹn kò le. Àwọn orin ayé 1927 sí 1930 lo lọ gbé. Àwo dúdú tó wúwo, tó ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ni wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀ sí, ariwo abẹ́rẹ́ lórí àwo gbígbó lo sì ń gbọ́ yẹn. Ojú kan àwo bẹ́ẹ̀ kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ìdí nìyẹn tí orin fi máa ń parí nígbà tí ara rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbà á. Ohun kejì ni pé ẹnu fóònù lásán kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi ẹnu fóònù gbọ́ Ellington, òórùn ọbẹ̀ ló gbọ́, kò tíì jẹun. Wá íápíìsì tó dáa.

Èmi náà, àkàrà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àbúrò bàbá mi kan tó ń gbé Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ló ní àwo náà, ọ̀kan nínú àwọn àwo ńlá tí wọ́n kó orin àtijọ́ jọ sí. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ, yóò fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nù ún yípo, yóò ní kí n lọ ti fèrèsé ẹ̀yìn nítorí ìyá tó ń fẹ̀rọ lọ ata lẹ́yìnkùlé wa. Tí "Mood Indigo" bá bẹ̀rẹ̀, yóò na ìka kan sókè sí mi, pé kí n má mí. Mo rò pé ẹnì kan ló kú ni. Mi ò mọ orin mìíràn tó lọ́ra bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fi sìnkú.

Ti olè jíjà, màá padà wá. Bátìrì mi ti fẹ́ kú, wọn ò sì tíì mú iná wá láti àárọ̀.

* * *

Mo ti dé. Ẹ ti pín sí méjì kí n tó padà.

Àwọn kan ní olè ni, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn kejì ní ìlara ló ń ṣe àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ta ló lè jí orin tó lé lẹ́gbẹ̀rún? Mi ò sí níbi kankan nínú méjèèjì, torí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orin jẹ́ ewúrẹ́, tó jẹ́ pé tí kò bá sí lọ́dọ̀ mi, á jẹ́ pé ó wà lọ́dọ̀ rẹ.

"Mood Indigo" tí mo dárúkọ yẹn jáde ní 1930. Barney Bigard tó ń fọn clarinet ló mú apá kan nínú ohùn rẹ̀ wá, òun náà sì ti gbà á lọ́wọ́ Lorenzo Tio, olùkọ́ rẹ̀ ní New Orleans. Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí orin náà lónìí: Ellington, Bigard, àti Irving Mills. Mills yìí kì í fọn fèrè kankan níbẹ̀, òun ni mánẹ́jà. Láyé ìgbà yẹn, mánẹ́jà tàbí ẹni tó ń tẹ ìwé orin a máa fi orúkọ ara rẹ̀ sórí orin kó lè máa jẹ nínú owó rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi í. Bí Ellington ṣe ń jẹ lára ọmọ báńdì, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ń jẹ lára òun náà. Mi ò fi ìyẹn dá a láre o.

Ẹ tún wo "Sophisticated Lady". Lawrence Brown, onítrombone, àti Otto Hardwick tó ń fọn saxophone, sọ pé àwọn ló mú ohùn inú rẹ̀ wá. Orúkọ wọn kò sí lórí rẹ̀. Brown bá a ṣiṣẹ́ láti 1932 dé 1951, ó tún padà wá láti 1960 dé 1970, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán nínú rẹ̀. "Concerto for Cootie" ti 1940, Cootie Williams tó ń fọn trumpet ló ni gbólóhùn tí wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́yìn náà, tó di orin tí gbogbo ènìyàn ń kọ, orúkọ Cootie kò sí níbẹ̀. Ti "Caravan" ṣe ẹnu ire díẹ̀: Juan Tizol, ọmọ Puerto Rico, ló mú un wá ní 1936, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mills tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé àwọn ọmọ báńdì kò mú nǹkan kan wá, irọ́ ló ń pa. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí gan-an ni wọ́n mú wá?

* * *

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí kí n tó mọ̀ pé ó dun Lawrence Brown.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo ń fọn trumpet nínú ẹgbẹ́ kan tó ń ṣeré òde àríyá l'Ékòó. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ṣómólú, ọ̀gá wa wà nídìí ìrẹsì, àwa tó kù ń mú ilẹ̀ gbóná dè é. Mo kàn fọn ohùn kan tó bọ́ sí mi lẹ́nu. Onígángan dá mi lóhùn. Àwọn tó wọ aṣọ ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá fi ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Tún un ṣe." Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, kásẹ́ẹ̀tì jáde, ohùn mi ló ṣíwájú ojú kìn-ín-ní. Orúkọ mi kò sí níbì kankan lára páálí rẹ̀. Owó ọkọ̀ lásán ni mo gbà.

Ọdún mẹ́wàá gbáko ni mo fi bínú. Gbogbo ẹni tó bá ra bíà fún mi ló máa gbọ́ ọ. Ọjọ́ kan ni mo wọ dánfó, orin náà ń lọ lọ́wọ́ awakọ̀, ọkọ̀ há sínú gosíló, kò síbi tí mo fẹ́ sá sí, mo wá fara balẹ̀ gbọ́ ọ bí orin ẹlòmíràn. Ohun tí mo mú wá kò ju èyí tí èémí kan lè gbé lọ. Ọ̀gá ló gbé e kúrò lẹ́nu fèrè sọ́wọ́ gìtá. Òun ló ní kí ìlù dákẹ́ fẹ́ẹ́ kó tó padà wọlé. Òun ló mọ̀ pé tí wọ́n bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí etí máa wá a kiri. Èmi ì bá fọn ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ibẹ̀ ni ì bá sì kú sí.

Ó ṣì jẹ mí lówó. Òun ló sì ṣe orin náà. Méjèèjì ni mo gbà, n kò rí èyí tó pa èkejì.

* * *

Ẹnì kan ní ìtàn mi dùn, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ gba ẹ̀rí.

Àwọn ìwé orin Ellington wà ní Smithsonian, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Washington, ìlú tí wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 1899. Nínú ìwé orin tí gbogbo ayé ń kọ, orí ewé á sọ pé "trumpet kìn-ín-ní", "trombone kejì". Lórí ewé tirẹ̀, orúkọ ènìyàn lẹ máa bá níbẹ̀: Cootie, Tricky, Rab. Tricky ni Joe Nanton, onítrombone. Rab ni Johnny Hodges tó ń fọn alto saxophone. Rabbit ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ehoro. Ẹ rò ó wò. Kò kọ ọ́ fún saxophone, ó kọ ọ́ fún Ehoro. Tí Ehoro bá ṣàìsàn, tí wọ́n gbé ewé yẹn fún ẹlòmíràn tó mọ saxophone dáadáa, orin kan náà kọ́ ni yóò jáde.

Ibo ló ti kọ́ bẹ́ẹ̀? Mo rò pé ọ̀dọ̀ Bubber Miley ni. Rọ́bà tí ẹ fi ń já ilé ìgbẹ́ tó bá dí, èyí tó ní igi gígùn nídìí yẹn, rọ́bà rẹ̀ lásán láìsí igi ni Miley fi ń bo ẹnu trumpet. Yóò máa ṣí i, yóò máa pa á dé, yóò tún máa kùn láti ọ̀fun bí ajá tí wọ́n fẹ́ gba eegun lẹ́nu rẹ̀. "East St. Louis Toodle-Oo", tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ní 1926, ẹ gbọ́ ọ. Orúkọ Miley wà lórí ìyẹn pẹ̀lú ti Ellington. Ọmọ Yorùbá kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé fún un pé ohun èlò ń sọ̀rọ̀, àmọ́ iṣẹ́ gángan yàtọ̀ sí èyí. Gángan ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀. Trumpet Miley kò sọ ọ̀rọ̀ kan, ìráhùn àti ẹ̀fẹ̀ inú ohùn ènìyàn nìkan ló mú, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Miley kúrò níbẹ̀ ní 1929, ó sì kú ní 1932, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Cootie ló jókòó sípò rẹ̀, òun náà sì gbé rọ́bà.

Ẹ padà sí "Mood Indigo" wàyí. Fèrè mẹ́ta ló ṣíwájú: trumpet, trombone, clarinet. Bí àwọn ará New Orleans ṣe ń tò wọ́n, clarinet ló ń fò lókè, trumpet wà láàárín, trombone ń rìn nílẹ̀. Ellington da gbogbo ẹ̀ rú. Ó fi trumpet sókè pẹ̀lú ìdérí lẹ́nu. Ó fi trombone, tí òun náà dérí, tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, lókè níbi tí kò ti rọ trombone lọ́rùn. Ó wá ti clarinet lọ sísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ohùn rẹ̀ ti ń dún bí inú igi. Ìdí nìyẹn tí etí fi máa ń dàrú, tí ẹ ò ní mọ fèrè tí ẹ ń gbọ́. Bigard mú ohùn wá, mo gbà. Kò sí ẹni tó tíì sọ pé Bigard ló tò wọ́n báyẹn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ pé "ọ̀gá báńdì ni, ẹ má pè é ní olùṣẹ̀dá orin", mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ẹ ní ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ní 1965, àwọn tí wọ́n ní kó yan ẹni tó máa gba ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn iyì ńlá ní Amẹ́ríkà, fún orin sọ pé kí wọ́n fún Ellington ní àkànṣe kan fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àgbà kọ̀ jálẹ̀, wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni lọ́dún náà. Méjì nínú àwọn tó yàn án fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá fèsì pé kádàrá ń ṣe òun lóore, pé kò fẹ́ kí òkìkí òun kàn jù nígbà tí òun ṣì kéré. Ọmọ ọdún 66 ni nígbà yẹn. Ní 1999 ni wọ́n wá fún un, ọdún 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

* * *

Ó ku àwọn tó ń pariwo pé Strayhorn ló kọ orin tí wọ́n fi mọ Ellington.

Ọmọ ọdún 23 ni Billy Strayhorn nígbà tó lọ bá Ellington ní Pittsburgh ní ìparí 1938. Ellington ṣàlàyé fún un bó ṣe máa dé ilé òun ní Harlem, ní New York, ọkọ̀ ojú irin A wà nínú àlàyé náà. Ọmọkùnrin náà sọ ọ́ di orin. Mercer, ọmọ Ellington, ní Strayhorn ti sọ ọ́ sínú àpótí ìdọ̀tí torí ó rò pé ó jọ orin Fletcher Henderson, ọ̀gá báńdì mìíràn, jù, pé òun Mercer ló yọ ọ́ jáde. Ìjà owó ló wá sọ ọ́ di ńlá. Láti January 1941, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà kò gbé orin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ASCAP, ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ń kọ orin, sáfẹ́fẹ́ mọ́, torí wọn ò fara mọ́ iye tí ẹgbẹ́ náà ń bù fún wọn. Ọmọ ASCAP ni Ellington. Gbogbo orin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ di èèwọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ kan. Strayhorn àti Mercer, tí wọn kì í ṣe ọmọ ASCAP, ló wá ń kọ orin tuntun ní kánjúkánjú kí báńdì má baà dákẹ́. "Take the 'A' Train" wọ inú àwo ní February ọdún náà, ó sì di orin àṣíwájú ẹgbẹ́ títí ayé wọn.

Nítorí náà, orin tí ayé fi mọ Ellington jù lọ, ti Ellington kọ́. Orúkọ Strayhorn ló sì wà lórí ìyẹn, kí ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Lórí àwọn iṣẹ́ mìíràn, mo gbà pé wọn ò pe orúkọ ọmọkùnrin yẹn tó bó ṣe yẹ nígbà ayé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ọwọ́ ọ̀kan parí sí nínú orin tí wọ́n jọ kọ.

Strayhorn kú ní May 1967, ẹni ọdún 51. Ellington kó báńdì wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n gba àwo kan tó jẹ́ kìkì orin Strayhorn. Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí àwọn ènìyàn ń di ẹrù wọn, ó jókòó sídìí píánò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta "Lotus Blossom" lóun nìkan. Tépù ṣì ń yí. Ẹ máa gbọ́ àwọn ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mi ò lè gbọ́ ọ lójú àwùjọ.

* * *

"Báwo ló ṣe mú àwọn olórí kunkun bẹ́ẹ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀?" Àbúrò tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ló bi èyí, ìbéèrè gidi sì ni.

Owó ni. Nígbà tí ọ̀pọ̀ báńdì ńlá túká lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tirẹ̀ kò túká, torí owó ẹ̀tọ́ tó ń wọlé lórí àwọn orin yẹn ló fi ń sanwó oṣù fún wọn nígbà tí iṣẹ́ kò tó. Ẹ rí i bí ó ṣe lọ́pọ̀: owó ohùn Lawrence Brown wà nínú owó oṣù Lawrence Brown. Ìyẹn kò sọ pé ó tọ́, ẹ má gbà mí mú.

Ọ̀wọ̀ tún ni. Nígbà tí wọ́n bá lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù inú orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, níbi tí òtẹ́ẹ̀lì àti búkà kò ti ní gba aláwọ̀ dúdú wọlé, ọkọ̀ ojú irin alájà ìsùn ló yá fún wọn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Harry Carney tó ń fọn baritone saxophone wọlé ní 1927, ọmọ ọdún 17, kò kúrò mọ́ títí Ellington fi kú ní May 1974, òun náà sì kú kí ọdún náà tó parí. Carney yìí ló ń fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé ọ̀gá láti ìlú dé ìlú, àwọn yòókù á wà nínú bọ́ọ̀sì.

Ìyà kọ́ ló fi mú wọn. Wọ́n ń pẹ́ dé, wọ́n ń sùn lórí ìtàgé, òun á máa wò wọ́n. Charles Mingus, tó ń ta double bass, wà lára ìwọ̀nba ènìyàn tó fẹnu ara rẹ̀ lé kúrò, ní 1953, lẹ́yìn tí òun àti Tizol jà. Èmi ò jẹ́ gba ìdajì irú ìwà yẹn lọ́wọ́ onígìtá mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní báńdì mọ́.

* * *

Fún ẹni tó ní "ó ń jó fún òyìnbó ní Cotton Club": láti 1927 dé 1931 ló fi jẹ́ báńdì ilé ìgbafẹ́ yẹn ní Harlem. Aláwọ̀ dúdú ló wà lórí ìtàgé, aláwọ̀ funfun nìkan ló ń jókòó sídìí tábìlì, ọwọ́ ọ̀daràn ni ilé náà sì wà. Ìtìjú àwọn tó ni ín nìyẹn. Ibẹ̀ ni rédíò ti gbé e káàkiri Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì ti di dandan fún un láti máa kọ orin tuntun fún eré tuntun. Ó tó.

* * *

Àjọ̀dún jazz ti Newport, ní Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé ẹ máa gbé e dé.

Alẹ́ ọjọ́ 7 July 1956 ni. Ayé ti ń sọ pé Ellington ti di ti àtijọ́. Wọ́n ṣeré díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ láìpé, torí àwọn kan nínú wọn kò tíì dé, wọ́n sì ní kí wọ́n dúró títí òru fi fẹ́ jìn kí wọ́n tó padà sórí ìtàgé. Ó wá mú orin kan tó ti kọ láti 1937, "Diminuendo and Crescendo in Blue", apá méjì. Ó ní kí Paul Gonsalves fi saxophone so apá méjèèjì pọ̀. Gonsalves yí i po nígbà 27 láìdúró. Obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, gbogbo pápá gbéra tẹ̀ lé e. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwòrán Ellington wà lójú ìwé ìròyìn Time.

Ìjà tó wà níbẹ̀ nìyí: àwo tí wọ́n tà fún wa lọ́dún náà, apá kan rẹ̀ kì í ṣe ti Newport. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n wá fi ariwo èrò kún un. Gonsalves gan-an kò fọn sí maikirofóònù ilé iṣẹ́ àwo, ti Voice of America ló kọjú sí, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n rí tépù Voice of America ni wọ́n tó lè so méjèèjì pọ̀, tí gbogbo alẹ́ náà jáde bó ṣe rí ní 1999. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ti 1999 ni kí ẹ rà. Ẹnì kan ta ti àtijọ́ fún mi gẹ́gẹ́ bí "ojúlówó", mo sanwó tó tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Pàtẹ́wọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni mo rà.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti ń yà, ẹ jẹ́ kó yà díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wá sí Áfíríkà. Ní April 1966, ó kó báńdì wá sí Dakar fún àjọ̀dún àgbáyé iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú tí Senghor, ààrẹ Senegal nígbà náà, pè. Kó tó dìgbà yẹn, ní 1947, ó ti kọ "Liberian Suite" fún ọgọ́rùn-ún ọdún Làìbéríà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn aládùúgbò wa. Ní 1967, Togo tẹ sítáǹbù fún lẹ́tà, wọ́n fi Ellington sí i, pẹ̀lú Bach àti Beethoven. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ àgbà yẹn ní kò tó olùṣẹ̀dá orin. Ó san oore padà, ó kọ "Togo Brava" ní 1971.

* * *

Àbúrò, ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Fi ti 1927 sílẹ̀ ná. Lọ gbé àwọn àwo 1940 sí 1942: "Ko-Ko", "Jack the Bear", "Cotton Tail". Àkàrà kò pọ̀ lórí wọn. Nínú "Jack the Bear", tẹ́tí sí bass Jimmy Blanton, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí fèrè. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ọmọ náà ní 1942, ọmọ ọdún 23. Lẹ́yìn wọn ni kó o tó padà sí "Mood Indigo". Má gbọ́ "Black, Brown and Beige" lákọ̀ọ́kọ́. Orin bí ìṣẹ́jú 45 tó gbé lọ sí Carnegie Hall, gbọ̀ngàn orin ńlá ní New York, ní January 1943 ni. Àwọn alárìíwísí fọ́ ọ ní ẹnu débi pé nígbà tó yá, apá-apá nìkan ló ń ṣe nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ oúnjẹ àgbà ni.

Ẹni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi mí bóyá mo ṣì ní àwo àbúrò bàbá mi yẹn, pé òun á rà á: mo ṣì ní in. Kò sí fún títà. Ó ti ní ìlà lójú, orí "Mood Indigo" gan-an ló ti ń fò.

* * *

Àbúrò padà wá lálẹ́ yìí: ó ti rí íápíìsì yá, ó ti gbọ́ "Mood Indigo" lẹ́ẹ̀mẹrin lórí ibùsùn, kò ṣì mọ èyí tó jẹ́ Bigard nínú wọn.

Èyí tó wà nísàlẹ̀ jù lọ ni, tó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Ti fèrèsé, kó o tún un gbọ́.